Ohun Tí Ibi Tó Ṣófo Lórí Máàpù Ìbàdàn Kọ́ Mi

Ẹni tí ó bá ṣí máàpù Ìbàdàn lórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ kún, nígbà tí mo kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe é yóò rò pé Bódìjà, Jẹ́ríkò àti ọgbà Yunifásítì nìkan ni ènìyàn ń gbé ní ìlú náà. Gbogbo òpópónà ibẹ̀ ló ní orúkọ. Ilé ìwòsàn, ilé epo àti ilé ìfowópamọ́ wà ní ipò wọn. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti kúrò níbẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, Fóko, Kúdẹtì àti Agúgù, ohun tó kù kò ju títì ńlá mélòó kan lọ, tí àyíká wọn sì funfun báláú. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọkàn Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829 tí ìlú fi di ìlú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti gbà mí lọ́kàn: kí ni ibi tó ṣófo lórí máàpù ń sọ? Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó lọ wò ó. Ọ̀nà méjèèjì jọra pátápátá lójú ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, àmọ́ lórí mímọ ìyàtọ̀ wọn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé.

Ọdún 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ìlú London, kí ẹnikẹ́ni lè máa fi ohun tó mọ̀ nípa àdúgbò rẹ̀ sínú máàpù kan tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ni a kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ lé. A ó fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká, a ó fa ìlà sójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti béèrè orúkọ. Ní Bódìjà, iṣẹ́ yìí rọrùn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló la àdúgbò náà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, ọ̀nà mọ́tò sì dé ẹnu géètì gbogbo wọn. Ní Fóko tàbí Kúdẹtì, páànù tó ti dípẹtà ló kan páànù mìíràn. Agboolé ńlá àtijọ́ ti pín sí ilé kéékèèké bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti ń kọ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti baba, ọ̀nà tó sì wà láàárín wọn lè má fẹ̀ ju ohun tí ènìyàn méjì fi lè yà fún ara wọn. Láti òkè, a ò lè rí i pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí Google gbé àkójọ àwọn ilé tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dá mọ̀ nínú àwòrán sátẹ́láìtì ilẹ̀ Áfíríkà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2021, ilé mílíọ̀nù 516 ló wà nínú rẹ̀, mo sì yára lọ wo ti Ìbàdàn. Ní Bódìjà àti Oluyole Estate, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà gún régé. Ní àárín ìlú, ó so òrùlé mélòó kan pọ̀ mọ́ra, ó sì pè wọ́n ní ilé kan. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí iye òrùlé ni ọ̀pọ̀ àjọ fi ń ṣírò iye ènìyàn tó wà ní àdúgbò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tàbí oúnjẹ tí wọn yóò gbé wá. Ẹni tó bá ṣírò bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn yóò dín àwọn ará Fóko kù, tí ìdílé mẹ́rin lè máa gbé abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, yóò sì bù kún àwọn ará Bódìjà, tí tọkọtaya àgbàlagbà lè dá gbé ilé oníyàrá mẹ́jọ.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rin àwọn ọ̀nà tóóró náà, tí fóònù wa sì ń kọ ipasẹ̀ wa sílẹ̀, ohun tí mi ò retí ló jáde lórí máàpù. Mo ti rò pé àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ yóò máa ṣàn lọ síbi títì ọlọ́dà, bí ọ̀nà kékeré ti máa ń ṣe. Níbi tí a rìn dé, ojú agboolé, ẹnu kànga àti ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí ni wọ́n ti ń pàdé, títì ọlọ́dà sì gba àárín wọn kọjá bí àlejò tí kò mọ ẹnì kankan. Kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu, nítorí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wà kí wọ́n tó fa títì. Àmọ́ ó yí ojú tí mo fi ń wo àdúgbò náà padà. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kọjá lójú títì yóò sọ pé kò sí ètò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ètò wà. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi tí àwọn ọmọ sì ń gbà lọ sí ilé kéwú.

Ìyá kan tó ń yan ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Kúdẹtì dá wa dúró lọ́jọ́ kan. Ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó wo ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ, ó wá ní, “Ọmọ mi, ṣé ìjọba ló rán yín ni? Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé wa ni, ẹ tètè sọ ọ́ o.” Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Rárá o, Mà. Orúkọ àdúgbò la fẹ́ mọ̀, kí ẹni tó bá ń wá ibí lè rí i.” Ó wò mí títí, ó ní, “Ta ló ń wá ibí tí kò mọ ibí?”

Mo dárúkọ àwọn pánápaná fún un, mo sì dárúkọ ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ó gbà, ó sì pe ọmọkùnrin kan pé kó mú wa yí ká. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í sì í ṣe lásán. Gbogbo wa la mọ ohun tí àmì pupa lára ògiri ń fà lẹ́yìn nínú àwọn ìlú wa. Ẹni tí kò sí lórí máàpù ni katakata tó ń wó ilé máa ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Látìgbà náà ni ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò pé a kò ní kọ orúkọ onílé kankan sílẹ̀: orúkọ agboolé, ọ̀nà, kànga, ilé ìjọsìn àti odò nìkan ni a ó kọ, a ó sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Mógàjí, olórí agboolé, kí a tó wọ àdúgbò. Ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ìtàn tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ibi tó ṣófo kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní London, ó sì pa ènìyàn 616. Dókítà John Snow ya máàpù àdúgbò náà, ó fi àmì dúdú sójú ilé kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ti kú, àwọn àmì náà sì ṣù jọ yí ẹ̀rọ omi tó wà ní Broad Street ká. Èyí ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ nípa rẹ̀. Ní tèmi, ibi tí kò ti sí àmì ló wú mi lórí jù. Ilé àwọn aláìní kan wà ní Poland Street, kò jìnnà sí ẹ̀rọ náà; ènìyàn 535 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún péré ni àrùn náà pa. Ilé ìpọntí kan wà ní Broad Street gan-an, àmọ́ Snow kò rí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kankan nínú orúkọ àwọn tó kú. Ẹni tó bá wo máàpù nìkan lè fi èyí sọ pé ẹ̀rọ omi kọ́ ló ń pani. Snow lọ béèrè. Wọ́n ní ilé àwọn aláìní ní kànga tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí náà sì ń mu ọtí tí wọ́n ń fún wọn níbi iṣẹ́, wọn kì í pọn omi ẹ̀rọ ìta yẹn. Ibi méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ba àlàyé rẹ̀ jẹ́ ló wá di ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún un. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà.

Mo fi ojú yìí lọ wo àwòrán iná alẹ́. Sátẹ́láìtì kan tí Amẹ́ríkà gbé sójú ọ̀run ní ọdún 2011, tí wọ́n ń pè ní Suomi NPP, máa ń ya àwòrán iná tó ń tàn lórí ilẹ̀ ayé ní alaalẹ́, àwọn onímọ̀ sì máa ń fi bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tó díwọ̀n ọrọ̀ àti iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nínú rẹ̀, àárín gbùngbùn Ìbàdàn kò mọ́lẹ̀ tó bí ènìyàn ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó. Àlàyé rẹ̀ wà nínú àkókò: nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru ni sátẹ́láìtì náà máa ń kọjá. Lákòókò yẹn, bí NEPA bá ti mú iná lọ, ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré ti pa á kó tó sùn kí epo má baà tán. Ilé epo, òtẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ àti àwọn tó lágbára àtimáa tan iná mọ́jú ni sátẹ́láìtì ń rí. Ohun tí wọ́n pè ní máàpù ènìyàn ti di máàpù ẹni tó lówó epo ní aago kan ààbọ̀ òru.

Àkókò tún dá wa lágara ní Ọjẹ́. Gbogbo ẹni tó ń ra aṣọ òfì ló mọ ọjà Ọjẹ́, tí àwọn aláṣọ máa ń ná ní ọjọ́ kẹtàdínlógún-kẹtàdínlógún, tí àwọn ahunṣọ sì ń ti Ìsẹ́yìn àti ibòmíràn kó ọjà wá. Bí sátẹ́láìtì bá ya ibẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ aṣọ, kò sí ohun tí yóò fi hàn ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọjà aṣọ tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ni. Nígbà tí a sì fẹ́ kọ ọjọ́ ọjà náà sínú OpenStreetMap, àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún àkókò kò mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lọ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni ó lè kà. Ètò ọjọ́ ọjà tí àwọn baba wa ti ń kà kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé ọ̀dọ̀ wa kò rí ibi jókòó sí. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán kí ènìyàn lè rí i kà, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò lè fi ṣe ìṣirò kankan.

Ní ti iye ènìyàn, ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọdún 2006 ni wọ́n ka wa kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ti 2006 náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn: àjọ ìkànìyàn ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba Èkó ka tirẹ̀, ó ní mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ ni. Nítorí náà, ibòmíràn ni a máa ń wò, ibi tí ó sì so èso jù lọ fún mi ni àkọsílẹ̀ ibùdó ìdìbò tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, fi síta fún gbogbo ènìyàn. Ọdún 1996 ni wọ́n dá àwọn ibùdó náà sílẹ̀. Wọ́n sún mọ́ 120,000, iye yìí kò sì yí padà fún ọdún 25, títí di 2021 tí INEC sọ ọ́ di 176,846. Lọ́dún kan náà, wọ́n kó ibùdó 749 kúrò níbi tí kò bójú mu lọ síbi tó yẹ: 232 ti wà nínú ilé aládàáni, 145 wà ní ààfin ọba, mẹ́sàn-án wà ní ojúbọ òrìṣà. Mo ka àwọn iye yìí lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ènìyàn Nàìjíríà ti máa ń péjọ, kí ó wo ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí ìbò sí kí òfin tó ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Mo kó orúkọ àwọn ibùdó tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá Ìbàdàn jọ, mo sì fi èyí tí mo lè rí ojúlé rẹ̀ sórí máàpù. Ní àárín ìlú, wọ́n ṣù jọ bí ọmọ oyin, orúkọ wọn sì jẹ́ ti agboolé, ti igi, ti ojú ọjà: iwájú ilé báyìí, abẹ́ igi báyìí. Bí a bá ti ń lọ sí Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá àti Oluyole, wọ́n jìnnà síra, orúkọ ilé ìwé ni wọ́n sì ń jẹ́, nítorí nígbà tí wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ibùdó ọdún 1996 kàn pẹ́ jù ni. Àwọn tí mo bi léèrè fi òmíràn kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tó ti kọ́lé sí Akóbọ̀ tàbí Àpáta ni kò mú orúkọ rẹ̀ kúrò ní agboolé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni Mógàjí rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka orí àwọn ọmọ ilé bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò, ìjọba kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní agboolé ní láti wá sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn kan ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ kì í lè ṣe é, mo sì gbà pé apá kan nínú àlàfo tó wà láàárín iye tó forúkọ sílẹ̀ àti iye tó dìbò ní àárín ìlú ti ibẹ̀ wá. Àkọsílẹ̀ ìbò Ìbàdàn ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá; kò sọ ibi tí ó ń sùn. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tó ń gbé ilé àyágbé ní ẹ̀yìn odi, ni àkọsílẹ̀ náà rí fírífírí jù lọ.

Ibi tí gbogbo èyí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni etí odò. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó pa ènìyàn tó lé ní 200, ó sì ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́. Omíyalé ni àwọn àgbà ń pe ọdún náà títí di òní. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, àwọn afárá sì wó káàkiri ìlú. Mo gbé gíga-ilẹ̀ Ìbàdàn, èyí tí Endeavour, ọkọ̀ ojú ọ̀run ti Amẹ́ríkà, wọ̀n ní oṣù kejì ọdún 2000, sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù. Ìwọ̀n náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà fi ibi tí omi yóò gbà hàn mí. Ògùnpa yọ dáadáa. Àwọn odò kéékèèké kò yọ, nítorí àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 30 ni wọ́n pín ilẹ̀ sí, odò tí kò fẹ̀ tó mítà márùn-ún sì rì sínú rẹ̀. Àwọn máàpù àtijọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ fi ọwọ́ yà ní àwọn odò yìí. Nígbà tí mo gbé ilé òní lé odò àná lórí, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni òrùlé ti bo odò mọ́lẹ̀.

A gbé máàpù náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ Kúdẹtì. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mú mi dé ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ògiri ní ìwọ̀n èjìká mi, ó ní, “Ibí ni omi dúró sí lọ́dún 2011. Wo bí sìmẹ́ńtì ṣe yàtọ̀ síra.” Ó yàtọ̀ lóòótọ́: ìsàlẹ̀ dúdú, ó sì ti bó, òkè ṣì ń dán. Ó dárúkọ odò kékeré tó kọjá lábẹ́ ilé kejì, orúkọ tí kò sí nínú máàpù kankan, ti àtijọ́ tàbí ti òde òní. Irú àmì ara ògiri báyìí ni a wá ń wọ̀n láti ilé dé ilé, a sì ń béèrè orúkọ odò lọ́wọ́ àwọn tó pẹ́ jù ládùúgbò.

Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní ọdún 2014 fún ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn, wọ́n sì ti tún àwọn afárá àti ọ̀nà omi kan ṣe. Ohun tí èmi ń fẹ́, tí n ó sì máa béèrè, ni kí àkọsílẹ̀ gbogbo afárá àti gọ́tà ńlá ìlú yìí, pẹ̀lú ìbú àti jíjìn wọn, wà níbi tí ará àdúgbò ti lè rí i. Kí ó tó dé, ẹgbẹ́ wa ń fi téèpù wọn tiwa. Níbi kan, a rí gọ́tà tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin lókè, tó wá bọ́ sínú páìpù tí kò fẹ̀ tó mítà kan lábẹ́ títì. Ilé mẹ́ta tó wà lókè páìpù náà ni omi wọ̀ ní 2011, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò rí nǹkan kan. A ti kọ ọ́ sórí máàpù pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, a sì ti mú ẹ̀dà kan fún Mógàjí àdúgbò láti mú dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Apá tó kù ni láti Mọ́lẹ́tẹ̀ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí Ògùnpa ti pàdé odò Ọnà. A fẹ́ parí rẹ̀ kí òjò oṣù kẹjọ tó dé.